Kéèkì Tí Yóò Tó Àwọn Ènìyàn Ọmọ Mi

Ní Ìjerò, n kì í bi oníbàárà mi pé èèyàn mélòó ló ń bọ̀. Ìyá ìyàwó fúnra rẹ̀ kò mọ̀, bí ó bá sì mọ̀, kò ní sọ, nítorí a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, a kì í sì í ka èrò tí Ọlọ́run fẹ́ kó bá ni yọ̀. Ohun tí mo máa ń bèèrè ni ìjọ tí wọ́n ń lọ, ẹgbẹ́ tí ìyá ìyàwó wà, àti ìlú tí bàbá ọkọ ti wá. Bí wọ́n bá ní Ìjurìn, tó sì jẹ́ ìgbà tí wọ́n ti ta kòkó tán, mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò jókòó sílé, n óò fi kílò fúláwà kan lé e. Bí ó bá jẹ́ Arámọ̀kọ, n óò bèèrè bóyá òde mìíràn wà lọ́jọ́ kan náà. Bí ó bá jẹ́ Ẹ̀fọ̀n, ìlọ́po ni, nítorí àwọn ìyá Ẹ̀fọ̀n tí mo mọ̀ kì í jẹ kéèkì lójú agbo. Wọ́n á fi ẹnu tọ́ ọ wò díẹ̀, wọ́n á wé èyí tó kù sínú náílọ́nù fún ẹni tó wà nílé. Gbogbo kéèkì tí mo ṣe ní ọ̀dọ̀ wa, méjì ló wà nínú ọ̀kan: ti ẹni tó wá, àti ti ẹni tí kò lè wá.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn fún gbogbo ìgbà tí mo fi ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá gáréèjì. Kéèkì mi kì í tán kí èèyàn tó tán, mo sì máa ń fi í ṣe fáàrí. Nítorí náà, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ọmọ mi Dayọ̀ pé ọdún kan ní ìlú òyìnbó, tí mo jókòó ní kíṣìnì tí n kò mọ̀ bóyá kílò kan ni kí n pò tàbí kílò mẹ́wàá, ẹ̀rù bà mí. Ó dà bíi pé ẹnì kan ń bi mí pé ta ni mo ní láyé.

Ìlú kékeré kan ni mo wà ní apá òkè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òjò kì í ti í rọ̀ gidi, tí kì í sì í dá. Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ń wẹ̀ fún wọn, mo ń wọṣọ fún wọn, mo ń fi ṣíbí bọ́ àwọn tí ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n. Ó máa ń dùn mí ní ìbẹ̀rẹ̀ pé mo ń bọ́ ìyá oníyàá, nígbà tí ìyá tèmi ń dá sè, tó ń dá jẹ ní Ìjurìn. Ó ti wá mọ́ mi lára. Àwọn kan nínú wọn ń fi orúkọ ọmọ wọn pè mí, mo sì ń dáhùn.

Ìyàlẹ́nu àkọ́kọ́ tí mo rí níbẹ̀, lórí kéèkì ni. Línda tó jẹ́ ọ̀gá mi ṣe ọjọ́ ìbí, ó sì gbé kéèkì kan wá tí kò tóbi ju àwo ìjẹun lọ. Gbogbo wa tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ló fẹ́ fi í ṣe lálejò. Ó gé e tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́; èyí tó gé fún mi kò lè dá dúró, ńṣe ló sùn sórí bébà. Mo rò pé wọ́n á jà. Kò sẹ́ni tó jà. Àwọn méjì tilẹ̀ ní àwọn kò jẹ. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ìdajì kéèkì náà ṣì wà lórí tábìlì, kò sì sẹ́ni tó wé e lọ sílé. Mo dúró tì í. Mo rántí àwọn ìyá Ẹ̀fọ̀n, ẹ̀rín pa mí, lẹ́yìn náà ni ẹkún fẹ́ gbọ̀n mí.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Línda fún mi ní ìwé ìpè ọjọ́ ìbí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé aago méjì sí aago mẹ́rin. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. N kò rí ìwé ìpè tó ń sọ ìgbà tí àlejò máa lọ rí. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí àlejò bá ní òun fẹ́ máa lọ, ńṣe là ń bi í pé kí ni wọ́n fi ṣe é. Mo sọ ọ́ fún Màámi lórí fóònù, wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Wọ́n fi ohùn Èkìtì wa sọ pé, "Wọ́n kúkú ṣàánú àlejò. Wọn ò jẹ́ kó máa ronú ùgbà tí yóò dìde."

Oyún Dayọ̀ ni mo gbé dé ìlú yìí. Bàbá rẹ̀ jẹ́ tíṣà ní Arámọ̀kọ. Ìwé àṣẹ tí yóò fi wá bá wa kò tíì jáde títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Àwọn nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí mi ṣe dáadáa sí mi, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé ọmọ náà lé mi láyà, mo wo ẹnu ọ̀nà. Mo ń retí ẹni tí yóò wọlé tí yóò gbà á lọ́wọ́ mi, tí yóò sọ pé imú bàbá rẹ̀ ló gbé wá. Mo wo ẹnu ọ̀nà náà títí oorun fi gbé mi.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń bá ni tọ́jú ọmọ. Obìnrin tó ń ṣàkóso ibẹ̀ bi mí pé, "Bí ohunkóhun bá ṣe ọ́, tí a pè ọ́ tí o kò gbé fóònù, ta ni kí a pè kó wá gbé ọmọ?"

Mo ní ọkọ mi.

Ó ní, "Ibo ló wà?"

Mo ní Nàìjíríà. Ó rọra rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ẹni tó lè dé kí ilẹ̀ tó ṣú ni àwọn ń fẹ́. Mo ní n óò mú orúkọ ẹni náà wá. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó tún bi mí. Mo tún ní n óò mú un wá.

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́. Bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, n óò di irin mú bí arúgbó. Bí mo bá fẹ́ sọdá títì, n óò wò ó ní ọ̀tún, n óò wò ó ní òsì, n óò tún padà wo ọ̀tún. Bí orí bá fọ́ mi díẹ̀, n óò máa rò ó pé bí mo bá ṣubú lónìí, ọ̀dọ̀ ta ni ọmọ mi yóò sùn? Wọ́n ti sọ fún mi níbi iṣẹ́ pé ọmọ tí kò bá sẹ́ni tó wá gbé e, ìjọba ni yóò fà á fún àjèjì tọ́jú. Ní Ìjurìn, bí mo bá dákú sójú ọ̀nà oko, kí n tó jí, ọmọ mi á ti jẹun ní ilé mẹ́ta. Wọ́n ní ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í tọ́ ọ. Ojú méjì péré ni mo ní níhìn-ín, ó sì ti rẹ̀ wọ́n.

Ìdí nìyí tí ọdún Dayọ̀ fi di nǹkan ńlá lọ́kàn mi. Mo sọ fún ara mi pé n kò ní bẹ ẹnikẹ́ni. N óò ṣe kéèkì, n óò jẹ́ kí wọ́n gbọ́, n óò sì wo ẹni tí yóò wá. Ẹni tó bá wá fúnra rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni n óò mú lọ fún obìnrin yẹn.

*

N kò ní sọ pé n kò mọ ẹnikẹ́ni. Àwa ọmọ Èkìtì bíi mélòó kan wà ní ìlú náà, a ní ibì kan tí a ti ń kí ara wa lórí fóònù, a sì máa ń ṣe ìpàdé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bùọ̀dá kan wà láti Ìdó-Ilé tó ń wa bọ́ọ̀sì, òun àti ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fọkàn tẹ̀ jù ni Màmá Ẹ̀fọ̀n.

Ọjọ́ tí mo pàdé rẹ̀, mo wà ní ilé ìtajà kan, mò ń bá Màámi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo ní n óò tún pè wọ́n bí mo bá dé ulé. Ìyá kan tó dé fìlà òtútù, tó ń yan ata níwájú mi, gbọ́ ohùn Èkìtì lẹ́nu mi, ó yíjú padà.

Ó ní, "Ulé ta ni o ti wá, ọmọ mi?"

Mo sọ fún un. Ó mọ Ìjurìn bí ẹni mọ ojú ọgbẹ́ ara rẹ̀. Àbúrò ìyá rẹ̀ kan ti lọ́kọ síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni Màmá Ẹ̀fọ̀n fúnra wọn kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọkọ wọn ti kú, ọmọ wọn ọkùnrin kan ṣoṣo ń gbé ìlú kejì. Wọ́n fi ọwọ́ kan ikùn mi, wọ́n ṣàdúrà sí i níbẹ̀ láàárín àwọn òyìnbó tó ń ra kárọ́ọ̀tì. Wọ́n júwe ilé wọn fún mi.

Wọ́n ní, "Ulé mi, ulé rẹ ni. Má ṣe bí àlejò o."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn bí ẹni gbé owó pamọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, a máa ń kí ara wa, wọ́n á gba Dayọ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n á fi ẹnu kò ó lẹ́nu, lẹ́yìn náà oníkálukú á wọ ọkọ̀ tirẹ̀. Mo rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn ní ìlú yìí.

Mo pe Màámi. Mo ní, "Màámi, kéèkì ọdún ọmọ yìí, báwo ni kí n ṣe é tó?"

"Báwo ni kí o ṣe é tó báwo? Ṣebí uṣẹ́ rẹ ni."

"N kò mọ iye èèyàn tó ń bọ̀."

"O fẹ́ kà wọ́n ni? Ta ló kọ́ ọ ní urú ẹ̀? Jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Kete ẹni tó bá gbọ́, gbogbo wọn á wá. Ẹni tí ò bá lè wá, o mọ̀ pé tirẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ńbẹ̀."

Mo pe bàbá Dayọ̀. Òun ní kí n ṣe díẹ̀, kí n má fi kéèkì pa ara mi. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣùgbọ́n ṣe tèmi mọ́ ọn."

Mo wá kọ ọ́ sí orí fóònù fún àwa ọmọ Èkìtì pé: Sátidé tó ń bọ̀ ni Dayọ̀ yóò pé ọmọ ọdún kan, ẹ bá wa dúpẹ́. Mo fi àwòrán rẹ̀ sí i, èyí tó ti ń rẹ́rìn-ín tí eyín méjèèjì hàn. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ìyẹn ti tó. Bí o bá sọ fún ará ilé pé o ń ṣe nǹkan, o ti pè é. Àwọn èsì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Àmín. Àmín o. Àmín ní orúkọ Jésù. Ọmọ wa ti dàgbà. Màmá Ẹ̀fọ̀n náà ṣe àmín tiwọn. Mo jókòó, mo ń wo àwọn àmín náà, ìtìjú kò sì jẹ́ kí n tètè sọ fún ara mi ohun tí mò ń ṣe: mò ń fi wọ́n díwọ̀n fúláwà. Àmín kan, ìdílé kan. Ìdílé kan, àwo kan níhìn-ín, náílọ́nù kan lọ sílé.

Línda ní kí n fún àwọn ará ibi iṣẹ́ ní ìwé ìpè, nítorí láìsí ìwé, kò sẹ́ni tí yóò dá ara rẹ̀ lójú láti wá. Mo ra ìwé aláwọ̀ mèremère, mo sì kọ aago méjì sí aago mẹ́rin sí i, bí mo ṣe rí i ní tirẹ̀. Ó bi mí pé àwọn mélòó ni yóò wá nínú àwọn ènìyàn mi. Mo ní n kò mọ̀. Ó wò mí pé báwo ni n óò ṣe wá mọ ìwọ̀n kéèkì.

Màmá Ẹ̀fọ̀n ńkọ́? Ta ní í fi ìwé pe ìyá rẹ̀? Bí mo bá kọ ìwé sí wọn, ńṣe ni mò ń sọ fún wọn pé ará ìta ni wọ́n. Ìwé, ti àlejò ni. Ọmọ ilé a máa gbọ́ ni, a sì máa dé ní òwúrọ̀ kùtù pẹ̀lú ọ̀bẹ tirẹ̀ tí yóò fi rẹ́ àlùbọ́sà.

*

Mo lọ ra nǹkan èlò. Mo gbé fúláwà mẹ́ta sínú agbọ̀n, mo rìn dé ìdí ẹyin, mo padà lọ dá ọ̀kan sílẹ̀. Mo dé ìdí bọ́tà, mo rò ó pé bí bùọ̀dá Ìdó-Ilé bá kó gbogbo ọmọ rẹ̀ wá ńkọ́? Mo padà lọ gbé méjì. Mo tún rò ó pé bí ẹnikẹ́ni kò bá wá ńkọ́? Mo dúró sáàárín ọ̀nà, mo gbé ṣúgà mọ́yà. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé ìtajà náà ti ń tẹ̀ lé mi. Bóyá ó rò pé olè ni mí. N kò bínú sí i. Ìwà ẹni tó ń jí nǹkan ni mò ń hù lóòótọ́.

Níkẹyìn, mo ṣe é bí ti Ẹ̀fọ̀n, ìlọ́po. Mo sọ fún ara mi pé kéèkì tó ṣẹ́kù kì í ṣe ìtìjú, èyí tó tán lójú àlejò ni ìtìjú.

Ófùnù ilé tí mo háyà kò gbà ju páànù kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Mo gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú, mo pọn Dayọ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í po bọ́tà mọ́ ṣúgà láti òwúrọ̀. Bí ọ̀kan bá jáde, òmíràn á wọlé. Ọwọ́ mi rántí iṣẹ́ rẹ̀, àní fún wákàtí díẹ̀, ẹ̀rù náà fi mí sílẹ̀. Òórùn fàńílà gba ilé kan, Dayọ̀ ń fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn, mo sì ń kọrin. Nígbà tí mo tò wọ́n léra, tí mo fi ìpara funfun bò wọ́n, mo sún sẹ́yìn wò ó. Kò sí ohun tí mo ṣe láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí tó dára tó o. Inú mi dùn gan-an. Ìgbà tí mo wá wò ó títí ni mo rí i pé kéèkì náà gba gbogbo orí tábìlì, àga mẹ́rin péré ló sì wà nínú ilé mi.

Lọ́jọ́ Sátidé, aago méjì ń lù, Línda ń kan ilẹ̀kùn. Àwọn ará ibi iṣẹ́ méjì tẹ̀ lé e, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Wọ́n kó ẹ̀bùn wá, wọ́n yọ bàtà, wọ́n fi Dayọ̀ ṣeré. Nígbà tí wọ́n rí kéèkì, wọ́n wo ara wọn.

Línda ní, "Ta ni gbogbo èyí wà fún?"

Mo ní, "Àwọn ènìyàn mi ń bọ̀."

Mo gé e fún wọn ní ègé ńláńlá tó kún àwo, wọ́n ń rẹ́rìn-ín pé ó ti pọ̀ jù, wọ́n jẹ ìdajì. Mo yà wọ́n ní fọ́tò, mo gbé e sí orí fóònù fún àwa ọmọ Èkìtì. Èmi kò jókòó. Bí ọkọ̀ bá dúró níta, n óò lọ sí ojú fèrèsé. Mo ń sọ fún ara mi pé àwọn tiwa kì í tètè dé, pé aago méjì tiwa, aago mẹ́rin ni. Nígbà tó di aago mẹ́rin, Línda wo ọwọ́ rẹ̀, ó dìde, gbogbo wọn dìde. Wọ́n ń tẹ̀ lé ohun tí mo kọ. Línda dì mọ́ mi pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó mọ̀ pé wọn kò wá.

Aago márùn-ún kọjá. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ kéèkì jókòó síbẹ̀. Dayọ̀ ń rákò lábẹ́ tábìlì pẹ̀lú ìpara lẹ́nu. Fóònù dún, Màámi ni, wọ́n fẹ́ fojú rí wa. Mo nu ojú mi kí n tó gbé e.

Wọ́n ní, "Jẹ́ n rí ọlọ́jọ́ ìbí." Mo fi ọmọ hàn wọ́n, wọ́n ṣàdúrà. Wọ́n ní, "Jẹ́ n rí kéèkì." Mo fi í hàn wọ́n, wọ́n pariwo. Wọ́n ní, "Jẹ́ n rí àwọn èèyàn."

Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Mo tún gbé fóònù sí kéèkì.

Màámi sún mọ́ fóònù. N kò mọ ohun tí wọ́n rí, bóyá ibi tí mo ti gé e kéré jù lójú wọn. Wọ́n bí mi, wọn kì í ṣe ẹni tí mo lè tàn.

Wọ́n ní, "Ẹni tí ò wá ńkọ́, o ti gbé tirẹ̀ fún un?"

"Wọn kò wá, Màámi. Ẹnì kankan nínú wọn kò wá."

"Mo gbọ́. Mo ní o ti gbé tirẹ̀ fún un?"

Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tí kò bá wá síbi ìnáwó rẹ, o kì í bá a jà. O máa gbé ìpín rẹ̀ lọ sílé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kó tóbi, kó kún ọwọ́. Bí ó bá jẹ́ àìsàn ni kò jẹ́ kó wá, ó jẹun àlàáfíà. Bí ó bá jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, yóò mọ̀ pé o mọ̀. Mo sunkún díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pa fóònù, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo mú ọ̀bẹ, mo gé ìpín Màmá Ẹ̀fọ̀n. Inú ń bí mi, nítorí náà mo gé e ńlá.

*

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, tí Màmá Ẹ̀fọ̀n kò wá sí, mo pọn Dayọ̀, mo gbé náílọ́nù mi, mo wọ bọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ tí n óò sọ, mo ti tò ó sílẹ̀ látilé. N óò kí wọn dáadáa, n óò kúnlẹ̀, n óò gbé kéèkì sílẹ̀, n óò sọ pé a kò rí yín lánàá, n óò sì yíjú padà. N kò ní wọlé. Àmọ́ bí mo ṣe ń sún mọ́ ilé náà, mo ń rò ó pé bí kò bá sí Màmá Ẹ̀fọ̀n, kò sí ẹlòmíràn. Mo ti tú gbogbo orúkọ tó wà lọ́kàn mi wò. Ibẹ̀ ló parí sí.

Mo tẹ agogo ẹnu ọ̀nà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Wọ́n wò mí, wọ́n wo náílọ́nù, wọn kò rẹ́rìn-ín.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú ìsinmi, Màmá. Ìpín yín rèé. A kò rí yín lánàá."

Wọ́n ní, "Ẹ ò ní rí mi. Ta ló pè mí?"

Mo gbójú sókè. "Màmá, ṣé ẹ̀yin náà la ó máa pè ni?"

"O pe àwọn òyìnbó. Mo rí i nínú àwòrán tí o gbé síta lánàá. Ọ̀n jókòó, ọ̀n ń jẹun. Èmi, láti aago kan ni mo ti wọṣọ. Mo ti ra aṣọ ọmọ náà láti oṣù tó kọjá, ó wà lórí àga yẹn. Mo jókòó ti fóònù. Kete àwọn ọmọ Èkìtì ló ń pè mí, 'Màmá, ṣé ó pè yín? Bí ó bá pè yín, a ó tẹ̀ lé yín.' Mo ní kò pè mí."

"Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ kí gbogbo yín gbọ́. Ẹ ṣe àmín."

"Àdúrà ni mo ṣe àmín sí. Ṣé àmín ni wọ́n fi ń wọ ulé onúlé?"

Wọ́n fara ti férémù ilẹ̀kùn, ohùn wọn sì wálẹ̀.

Wọ́n ní, "Ùgbà tí ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ùyàwó, mo gún uyán, mo se ọbẹ̀, mo dì í dáadáa, mo wọ ọkọ̀ lọ ulé rẹ̀. N ò pè é. Ọmọ tí mo bí ni, kí ni mo fẹ́ máa pè é sí? Ùyàwó rẹ̀ ṣí ulẹ̀kùn díẹ̀ báyìí. Ó ní àwọn ò retí ẹnikẹ́ni. Kò bú mi o. Ó kàn ní àwọn ò retí ẹnikẹ́ni. Mo gbé uyán mi padà. Nínú ọkọ̀ ni ó ti tutù. Láti ọjọ́ yẹn, n ò dé ulé ẹnikẹ́ni mọ́ tí wọn ò bá pè mí. Mo ti kọ́gbọ́n."

Ìbínú tí mo gbé láti ilé kò sí mọ́. N kò mọ ibi tó gbà jáde. Mo ní, "Màmá, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ tí a pàdé pé ulé yín, ulé mi ni."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀," wọ́n ní. "Ṣé o wá?"

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti mọ̀ wọ́n. Mo mọ nọ́ńbà ilé wọn, mo mọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ síbẹ̀, mo sì ti gba iwájú rẹ̀ kọjá ju ìgbà tí mo lè sọ lọ, tí mo máa ń wo fèrèsé wọn bóyá iná wà níbẹ̀. N kò tẹ agogo yẹn rí. Mò ń dúró kí wọ́n pè mí.

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni já bọ́ lẹ́nu mi. Mo sọ ọ́ gátagàta, kò tilẹ̀ ní orí. Mo ní níbi tí mo ń gbé Dayọ̀ sí, wọ́n ń bi mí pé ta ni kí àwọn pè bí nǹkan bá ṣe mí. Mo ní wọ́n ti ń bi mí tipẹ́. Mo ní n kò tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo ní ẹ̀rù ń bà mí, Màmá, ẹ̀rù ń bà mí lójoojúmọ́.

Wọ́n wò mí bí ẹni tó sọ̀rọ̀ ẹ̀gọ̀.

Wọ́n ní, "Ta ni wọ́n tún fẹ́ pè?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n tú ọ̀já lẹ́yìn mi, wọ́n gbé Dayọ̀ jáde pẹ̀lú oorun lójú rẹ̀. Wọ́n gbé e sí èjìká, wọ́n ń sọ fún un pé ara rẹ̀ tutù, pé ta ló wọ urú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí fún un, wọ́n sì ń bá a lọ sínú ilé. Wọn kò bojú wẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Èmi ṣì wà lórí eékún lẹ́nu ọ̀nà, èmi àti kéèkì, mo ń gbọ́ ohùn wọn láti kíṣìnì níbi tí wọ́n ti ń gbé omi kaná.

Wọn kò ní kí n wọlé. Mo wọlé.